Ẹsẹ̀ Òsì Tí Ẹ Kọ́ Níṣẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibẹ̀ tù yín lára ju oòrùn Kambolé lọ. Ara ilé le. Màmá ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń bá gbogbo àdúgbò jà lórí omi bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n. Sàlámì àbúrò mi ló ń ro oko yín. Ewúrẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì jọ yín ní ìwà: kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sùn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Èmi nìkan ni mo ní ẹjọ́ láti rò, ẹjọ́ náà sì kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹsẹ̀ òsì. Agbá epo ló gùn ún.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Sokodé. Ó ṣì jẹ́ ilé ìkẹ́rù Alájì yẹn náà, ní Kouloundè, níbi tí wọ́n ti ń ta epo pupa àti òróró ní agbá-agbá. Bí ọkọ̀ ńlá bá dé, a ó gbé pákó méjì tì í lẹ́yìn, a ó sì máa yí agbá sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan lókè tó ń fi okùn dá a dúró, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Agbá kan wúwo ju akọ màlúù kékeré lọ, màlúù sì sàn, nítorí màlúù ń rí iwájú. Ìsífù, ọmọ Kotokoli tó jẹ́ olórí wa níbi iṣẹ́, ní òfin kan ṣoṣo: agbá tó bá ti ń sá, ẹ jẹ́ kó máa sá lọ. Alájì fúnra wọn fọwọ́ sí òfin náà. Wọ́n ní epo wà lọ́jà, wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀.

Mo mọ òfin yìí dáadáa. Èmi gan-an ni mo máa ń kà á fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, Ràímì ló di okùn mú lókè. Ẹ mọ Ràímì, ọmọ ilé ẹ̀yìn wa, òun ló já bọ́ lórí igi máńgòrò yín nígbà kan, tí ẹ ní kó kọ́kọ́ kó máńgòrò sílẹ̀ ná kó tó máa sunkún. Okùn yọ lọ́wọ́ rẹ̀, agbá sì fi pákó sílẹ̀. Gbogbo èèyàn fò sẹ́yìn. Èmi náà fò sẹ́yìn, bàbá mi, gbogbo ara mi ló fò sẹ́yìn, àfi ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ẹsẹ̀ òsì yọ síwájú, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ìrọ̀rí, kí agbá má baà fara pa.

Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ni.

Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò rántí. Iṣu kì í kanlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá wà: ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Iṣu tó bá fara gbọgbẹ́ yóò rà nínú àká, yóò sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí iṣu bá yọ lórí ẹni, a ó na ẹsẹ̀ sí i kó lè kọ́kọ́ bọ́ sórí rẹ̀, kó tó wá rọra yí dé ilẹ̀. N ò tíì lè gba àwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àká, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ọjà Tchamba, ẹ ó sì já iṣu lábókò ńlá kan sílẹ̀ lójijì láti wo ẹsẹ̀ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọmọ tó bá gbà á, ẹ ó yìn ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èyí tó bá fò sẹ́yìn, ẹ ó bi í bóyá iṣu ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu èèyàn jẹ.

N ò ní purọ́ mọ́ yín, kì í ṣe ilé wa nìkan. Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ Kambolé ló ní irú ẹsẹ̀ yìí. Àmọ́ tiyín le ju tàwọn yòókù lọ.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ní agbá ń bọ̀, mo sì na ẹsẹ̀ sí i. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ṣé agbá ló wá bá ẹsẹ̀ mi ni àbí ẹsẹ̀ mi ló lọ bá agbá. Mo ní ẹsẹ̀ mi ló lọ bá a. Ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó lọ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá, kí n wá tún ìtàn náà sọ fún ìyẹn. Egungun méjì ló ṣẹ́. Wọ́n fi ìdì funfun líle dì mí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún rí nǹkan tó ń yí bọ̀, kí n fi ojú nìkan wò ó.

Ní mọ́sálásí àdúgbò wa ní Komah, èmi tí n ò tíì gbéyàwó, mo bá ara mi lórí àga lẹ́yìn, láàárín àwọn bàbá arúgbó tí wọn ò lè wólẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Gbogbo wọn sọ ìtàn orúnkún wọn fún mi, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọ̀kan bu òrí fún mi kí n máa fi pa á. Òmíràn ní kí n má banú jẹ́, bí ọjọ́ ogbó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san, tí mo padà sórí ẹní, wọ́n wò mí bí ẹni tó da ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín tó wọ́ yẹn, tí gbogbo wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí yín, Màmá ti sọ fún mi lórí fóònù pé lábókò ló ṣe é, lọ́dún tí wọ́n bí mi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé ẹ rò pé bí a bá mọ̀, ẹsẹ̀ wa yóò máa ṣe iyèméjì ni?

Ẹjọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Alájì pè mí jókòó. Wọ́n ti rò ó títí, wọ́n sì ti rí nǹkan kan: gbogbo ẹni tí agbá ti gùn lẹ́sẹ̀ nínú ọgbà wọn, ọmọ Kambolé ni. Èékánná Ràímì ti lọ kí tèmi tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan wà ṣáájú Ràímì. Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo rẹ̀. Alájì rọra bi mí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ìlú wa bá ẹsẹ̀ òsì mulẹ̀ ni. Ni mo bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Fìlà náà já bọ́ síwájú mi, ẹsẹ̀ mi sì yọ, ó gbà á kó tó kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán lẹ́nu Alájì.

Wọ́n ní, “Wò ó, mi ò lè máa gbé ọmọ olọ́mọ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí iṣu. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá dé, èmi fúnra mi á jókòó síbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá tún yọ, wàá padà sóko, mi ò sì ní gba ọmọ Kambolé kankan síbi agbá mọ́.”

N ò lè bá wọn jà, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ sí oko wo ni n ó padà? Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ kò tó èmi àti Sàlámì, ìdí tí ẹ fi ní kí n jáde nìyẹn. Sàlámì ti ní ìyàwó, ó ti ní ọmọ. Bí mo bá padà, mo fẹ́ gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ àbúrò mi ni. Ràímì náà ní ìyá tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo àwa ọmọ Kambolé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa wá so mọ́. Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láàárọ̀. Ó máa ń kí mi, á sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀.

Ìsífù ní òun yóò tún un kọ́. Ó mú mi lọ sílé rẹ̀, ó gun orí tábìlì, ó ń ju nǹkan sílẹ̀ níwájú mi. Agolo bọ́, ẹsẹ̀ mi kò mì. Táyà bọ́, ẹsẹ̀ mi kò mì. Ó wá mú iṣu. Ó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé iṣu lòun mú dání o, òun fẹ́ jù ú o, òun ti ń jù ú o. Ẹsẹ̀ mi gbà á. Ìsífù ní ó dáa, a ti rí ìdí àrùn náà: ẹsẹ̀ tó bá lè jẹ́ kí iṣu kanlẹ̀, kò sí agbá tí kò ní lè fi sílẹ̀. Ó fi okùn so ẹsẹ̀ náà mọ́ òpó. Iṣu bọ́, ẹsẹ̀ fẹ́ lọ, òpó kò gbà, mo sì dojú bolẹ̀. Kí n tó dé ilẹ̀, mo ti fi àyà gba iṣu náà.

Ìyàwó Ìsífù ní iṣu tó bá fọ́ nìkan lòun máa gún níyán. Kò sí èyí tó fọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó yí mi ká, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wo ọ̀tá. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń gbàdúrà sókè ní èdè Tem, èdè àwọn Kotokoli, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n gbàgbé.

Ìsífù sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó jókòó tì mí. Ó bi mí ta ló kọ́ mi. Mo sọ ìtàn yín fún un, ti àká, ti lábókò, títí dé ọjọ́ tí ẹ kú.

Ó ní, “O kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ, wọ́n sì lọ láì fún ọ ní lìbérásíọ̀n, láì tú ọ sílẹ̀. Báwo ni ẹsẹ̀ yẹn ṣe fẹ́ dá ìpinnu ṣe?”

Ẹ mọ̀ pé níbí, ọmọ iṣẹ́ kì í kàn kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú èèyàn, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á da páúdà sí i lórí, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Láìsí ìyẹn, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ọ̀gá bá sì ti kú, ìbátan rẹ̀ lè dúró fún un. Bí a ṣe gun alùpùpù Ìsífù nìyẹn, ó di Tchamba, ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó ń ránṣọ. Ta ni ìbá tún yẹ? Ẹni tó ti tú ọmọ iṣẹ́ rẹpẹtẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n.

Mo rò pé wọn yóò lé wa síta. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò rẹ́rìn-ín rárá? Wọ́n wọlé lọ wọ agbádá. Wọ́n pe gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn jáde láti jẹ́rìí. Wọ́n bi mí bóyá ẹsẹ̀ náà ti ṣàfojúdi sí yín rí nígbà ayé yín. Mo ní rárá. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀. A wá ọ̀nà tí ẹsẹ̀ yóò gbà kúnlẹ̀, a ò rí i, wọ́n bá ní kí orúnkún òsì kúnlẹ̀ fún un. Wọ́n ka Fátíhà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ náà lórúkọ yín fún gbogbo iṣu tó ti gbà, wọ́n sì da páúdà sí i lórí títí ó fi funfun bí ìgbà tí ilé ìwòsàn dì í. Wọ́n ní láti òní lọ, ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pàtẹ́wọ́, a mu bísáàpù, omi ìsápá tútù, ẹnì kan ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà nìkan, láìsí èmi. Nígbà tí mo wo ojú Bàbá Kékeré, omi wà níbẹ̀. Wọ́n ní páúdà ló wọ àwọn lójú.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé. Alájì jókòó sórí àga lábẹ́ ìbòòji, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. A yí agbá kan sọ̀ kalẹ̀, a yí òmíràn, kò sí wàhálà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ràímì sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọkàn mi sì kúrò níbẹ̀. N ò mọ̀ pé Alájì ti rọ omi kún agbá kan lórí ọkọ̀, wọ́n sì ti fojú sọ fún Ìsífù tó di okùn mú lókè. Ìsífù jọ̀wọ́ okùn láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, bí ìgbà tí ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ òjò lẹ́nu ọ̀nà àká.

Mo gbọ́ ìró pákó. Ara mi fò sẹ́yìn. Agbá kọjá níwájú mi, ó lọ kọ lu ògiri, ìdérí rẹ̀ ṣí, omi sì wẹ Alájì láti orúnkún dé bàtà. Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lẹ́yìn níbi tí gbogbo ara mi wà. Alájì fún omi kúrò lára ṣòkòtò wọn, wọ́n ní ó tó, kí a máa báṣẹ́ lọ. Ràímì wólẹ̀ síbẹ̀, ó fi ẹnu ko bàtà mi.

Alájì ti gbà kí a máa bá iṣẹ́ lọ, wọ́n sì ra bàtà onírin fún gbogbo wa. Àmọ́ wọ́n ní ọmọ Kambolé kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan agbá kí ó tó dé Tchamba ná. Bàbá Kékeré ń ráhùn pé ẹsẹ̀ tí àwọn ń tú sílẹ̀ ti ń pọ̀ ju aṣọ tí àwọn ń rán lọ. Irọ́ ni, wọ́n ń gbádùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí, bàbá mi, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé sí yín.

Mo lọ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá láti bá Sàlámì kó iṣu. Ilẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún yìí, lábókò tóbi, ẹ̀ bá yọ̀. Sàlámì ń rù ú bọ̀ nínú báàfù, Màmá ń tò ó sínú àká, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí Sàlámì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, èyí tó tóbi jù yọ lórí báàfù. Ó kọjá níwájú orúnkún mi. Mo rí i. Ẹsẹ̀ òsì mi wà níbẹ̀ gan-an, kò sì mì. Iṣu náà kanlẹ̀, ó là sí méjì.

Sàlámì kò wo iṣu, ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Màmá jáde látinú àká. Mo ti ń múra èébú sílẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn agbá. Wọn ò bú mi. Wọ́n jókòó sórí ebè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi, n ò rí wọn kí wọ́n sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin yín pàápàá, èrò pọ̀ nílé lọ́jọ́ náà, àwọn ni wọ́n ń fún èrò lómi.

Wọ́n ní, “Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò. Bí iṣu bá ti bọ́, tí ẹsẹ̀ yín yọ, màá sọ fún ara mi pé wọ́n ṣì wà lóko níbí.”

Mo ti ta ohun tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú láti fi gba iṣẹ́ mi sílẹ̀, n ò sì mọ̀ pé ó wà nílé. Mo jókòó tì wọ́n, èmi náà sì sunkún. Sàlámì dúró pẹ̀lú báàfù lórí, kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ kà.

Nígbà tó yá, Màmá nu ojú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ inú àká lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ omi, pé ìyá Ràímì ló tún kọ́kọ́ dé ẹnu kànga láàárọ̀ yìí, pé obìnrin náà kò ní ìtìjú. Mo ń tẹ̀ lé wọn, mo ń sọ pé ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n yí padà lójijì, wọ́n sì já lábókò kan sílẹ̀ níwájú mi.

Ẹsẹ̀ òsì mi kò mì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló yọ.

Àṣé wọn ò tíì tú òun sílẹ̀. Òun náà ti wà lọ́dọ̀ yín láti kékeré, ó ń wo ti òsì, ó sì mọ iṣẹ́ náà délẹ̀. Ó gba iṣu náà, iṣu yí dé ilẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Ó dùn mí débi pé mo pariwo. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó àká mú, wọ́n sì ní kí Sàlámì wá wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Alájì má gbọ́. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún pa mọ́ sẹ́yìn níbi iṣẹ́, bàtà onírin sì wà lára rẹ̀. Bàbá Kékeré ti ní kí n mú un wá sí Tchamba, páúdà ti wà nílẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀. N ò ní lọ.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti di ọ̀gá ara rẹ̀ ní Sokodé, tí èkejì ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.